Bí Aláìsàn Bá Ti Kúrò Lọ́dọ̀ Dókítà

Oògùn kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n ní Onitsha. Ogbo Ogwu, ọjà oògùn tó wà ní Bridge Head nítòsí afárá Odò Ọya, wà lára àwọn tó tóbi jù ní Nàìjíríà, àwọn oníṣòwò sì ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá rajà níbẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò bi aláìsàn ọpọlọ pé, "Èwo lo lò lánàá? Mélòó ló kù? Ta ló kọ ọ́ fún ọ?" Orí àwọn ìbéèrè yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé.

Ká ní ọmọkùnrin kan ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Main Market, ọjà ńlá Onitsha. Láti kékeré ni wárápá ti ń mú un, dókítà kan ní Nnewi sì ti fún un ní carbamazepine. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ẹbí gbé e lọ sí Enugu, wọ́n kọ haloperidol fún un. Oògùn méjèèjì dára. Àmọ́ carbamazepine a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ haloperidol, tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á fi já wálẹ̀. Ohùn náà lè padà dé, àwọn ará ilé á sì ní oògùn òyìnbó kò ran ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ chlorpromazine ni wọ́n fún un, ibòmíràn ni wàhálà yóò gbà yọ: oògùn yẹn lè mú kí wárápá túbọ̀ máa mú un. Dókítà ti Nnewi á wá fi kún carbamazepine, láìmọ ohun tó fà á. Kò sẹ́ni tó ṣìṣe nínú àwọn méjèèjì. Ẹnìkan kò kàn rí fáìlì ẹnìkejì ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti rí ìṣòro yìí. Nínú ètò mhGAP tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2008, inú ìwé ìtọ́nisọ́nà kan ṣoṣo ni wọ́n kó wárápá, wèrè àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sí, kí nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nípa ọpọlọ lè rí gbogbo rẹ̀ lójú kan.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó; ó yẹ kí ẹnìkan wà tó ń rí aláìsàn lójoojúmọ́. Ilẹ̀ Yorùbá ti dán irú ìyẹn wò ṣáájú. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Aro ní Abẹ́òkúta nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ọ tán. Kò dúró de bẹ́ẹ̀dì. Ó tọ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí Aro ká lọ pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Ẹbí kan, bóyá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sí abúlé, sáàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko tí wọ́n sì ń ṣeré. Bí aláìsàn kò bá fojú kan oorun, ẹbí àti onílé ló ń kọ́kọ́ mọ̀. (Àwọn tó ń fi Aro yangàn máa ń gbàgbé pé àwọn àgbẹ̀ náà gba owó ilé. Kì í ṣe àánú nìkan.) Lambo yìí kan náà ló wá di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Onitsha kò ní abúlé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀gá. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ lówò ló ń fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn, òun ló sì ń rí i lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà náà wà, ìjọ sì ti wà níbẹ̀ láti 1857 tí Àjàyí Crowther dá ibùdó ìhìnrere sílẹ̀ ní ìlú náà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ kánjúkánjú ni pé oníwárápá tó bá ṣàdédé pa oògùn tì lè bọ́ sínú gìrì àìdáwọ́dúró tó lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, ti Ogbo Ogwu pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ayédèrú oògùn. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló ń júwe ibòmíràn fún ẹni tó ń ra oògùn rẹ̀ níbẹ̀ láìsí káàdì, láìsí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n?

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin ti 1958, fẹ́ kí ìtọ́jú ọpọlọ dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ohun tí Onitsha nílò kò wọ́n: ìwé kan tí aláìsàn yóò máa gbé káàkiri, tí dókítà méjèèjì yóò máa kọ oògùn sí, àti nọ́ọ̀sì kan tí yóò pe fóònù bí ọjọ́ àpọ́ńmẹ́ǹtì bá kọjá.

Fóònù ta ni yóò pè? Ibẹ̀ ló ti le. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé itọ́ oníwárápá ń ran ẹlòmíràn, bí ọ̀gá bá sì gbọ́, ó lè lé ọmọ náà kí ọdún tí yóò fi kọ́ òwò tó pé, láìfún un ní owó tí yóò fi dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹni tí wọn yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Bí kò bá fẹ́ ọ̀gá, kí nọ́ọ̀sì kọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abúlé, tàbí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kejì.