Kọ̀ǹpútà Tí Aago Rẹ̀ Kò Péye

Bí oòrùn bá ń yọ lójú ọ̀sà, ará Ẹ̀pẹ́ a máa rí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 ṣáájú ará Ìkòròdú, nítorí pé Ẹ̀pẹ́ ni ó sún mọ́ ìlà-oòrùn jù. Síbẹ̀, aago kan náà ni ìlú méjèèjì ń tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ni aago Nàìjíríà ti ń fi wákàtí 1 ṣáájú ti Greenwich. Àdéhùn ni aago, kì í ṣe oòrùn. Àdéhùn yìí ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì máa ń ṣì mú.

Nínú ilé ẹ̀kọ́, ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré. Bí aago ẹ̀rọ tí ń gba iṣẹ́ bá yára, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tètè dé yóò di ẹni tí ó pẹ́. Bí ó bá sì falẹ̀, ẹni tí ó pẹ́ yóò jàre. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ibi tí àléébù wà.

Bí ọjọ́ bá ń padà sí ọdún àtijọ́, bí 1980, nígbàkúùgbà tí iná bá lọ, bátìrì kékeré tí ń bọ́ aago nínú ẹ̀rọ ni ó ti kú. Kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Bí aago bá tọ̀nà láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, tí ó sì wá fi wákàtí 1 rẹ̀yìn, bátìrì kò jẹ̀bi. Àkókò Lọ́ńdọ̀nù ni ẹni tí ó to ẹ̀rọ náà yàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sún aago wọn síwájú nígbà ooru, a sì bá ti Nàìjíríà dọ́gba. Bí òtútù bá dé, wọn a dá a padà. Kí a yan àkókò Èkó.

Ṣùgbọ́n bí aago bá ń yára díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ètò kan ṣoṣo, ẹni tí ó kọ ètò náà ni kí a bi. Kọ̀ǹpútà IBM ti ọdún 1981 a máa lu nǹkan bí ìgbà 18.2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Bí olùkọ̀wé ètò bá gé e sí 18, aago rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 yára ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ètò náà ni a ó tún kọ.

Ẹni tí ó ń yí aago ní àràárọ̀ láìwá orísun àìsàn rẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Kí a tó dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi pé ó pẹ́, aago ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.