Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́ Ni Kó Jẹ́rìí Rẹ: Ìdánimọ̀ Àjùmọ̀lò fún Ilé Ẹ̀kọ́ àti Ilé Ìwádìí ní Pobè àti Sakété

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ. Kì í ṣe gbogbo ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ yín, èyí tí àwa ní Benin níbí ń pè ní mot de passe. Ilé tí ẹ ti jáde ni kó mọ̀ yín, òun náà ni kó sì jẹ́rìí yín níbòmíràn.

Ẹ wo ẹ̀ka Université Nationale d'Agriculture tó wà ní Sakété, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú irè oko tí kò fi ní bàjẹ́. Ẹ wo ilé ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè, tó ti wà láti 1922, tó sì ń bá CIRAD, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Faransé, ní Montpellier ṣiṣẹ́ pọ̀. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo á ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ fún í-meèlì, òmíràn fún jọ́nà ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn fún ibi tí wọ́n ń kó àbájáde ìwádìí sí. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, á fi ẹyọ kan ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá jí i níbì kan, wọ́n ti jí i níbi gbogbo nìyẹn. Àwọn kan ń gba ẹnu ọ̀nà Google wọlé síbòmíràn. Google mọ àdírẹ́sì yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ẹ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Sakété.

Báyìí ni ètò tí mò ń sọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ka àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà kan. Jọ́nà bi í pé, ilé ẹ̀kọ́ wo lo ti wá? Ó yan tirẹ̀, wọ́n sì darí rẹ̀ sí sáfà ilé ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn èèyàn rẹ̀ mọ̀. Ibẹ̀ nìkan ló ti máa tẹ ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Sáfà yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ ìwé ẹ̀rí kékeré, ó fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ sí i, ó wá fi Firefox tàbí Chrome tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lò rán an sí jọ́nà. Bí àwọn baba wa ṣe ń fi àrokò ránṣẹ́ gan-an nìyẹn: ìránṣẹ́ lè má mọ ìtumọ̀ ohun tó gbé dání, ṣùgbọ́n bó bá yọ ẹyọ owó kan nínú rẹ̀, ẹni tó gbà á á mọ̀. Jọ́nà ní kọ́kọ́rọ́ gbangba tó bá ti ìkọ̀kọ̀ mu lọ́wọ́. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà, kò ní gbà á. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kò dé ọ̀dọ̀ jọ́nà rárá. SAML 2.0 ni orúkọ ìlànà yìí, ọdún 2005 ló sì jáde.

Ìwé ẹ̀rí náà kì í pẹ́ láyé, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n máa ń fún un, kí olè má baà rí i lò lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti lè dàrú ní ìlú bíi tiwa. Iná lọ. Bátìrì kékeré tó ń pa aago mọ́ nínú sáfà ti kú. Iná dé, sáfà jí, aago rẹ̀ ń sọ pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn la wà. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tọ̀nà, òǹtẹ̀ tọ̀nà, síbẹ̀ gbogbo jọ́nà kọ ẹ̀rí náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ṣáá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí sáfà máa fi ìlànà tí wọ́n ń pè ní NTP bi àwọn aago orí íntánẹ́ẹ̀tì léèrè kó tó jẹ́rìí ẹnikẹ́ni.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò gbówó: ọ̀fẹ́ ni Shibboleth, ọ̀fẹ́ ni SimpleSAMLphp, ọ̀fẹ́ ni Keycloak. Ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ Linux dáadáa á gbé ọ̀kan nínú wọn dìde. Ìwé orúkọ tí sáfà fi ń mọ ẹni tó jẹ́ tiwa ló le. Ọmọ wa tó kọ́kọ́ kàwé ní Abẹ́òkúta ń jẹ́ Babatunde Idowu nínú ìwé ti ọ̀hún; ní ti ibí ó di Babatoundé Idohou. Bí sáfà bá ń fi orúkọ dá a mọ̀, ó ti sọ ọ́ di èèyàn méjì. Nọ́ńbà tí kì í yí padà ni kó fi dá a mọ̀. Ìjọba ti ń fún wa ní NPI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà ìkànìyàn RAVIP tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ó sì wúlò fún ilé ẹ̀kọ́ láti mọ ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí NPI yẹn jáde lọ bá jọ́nà kankan. “Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni” ti tó o. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018 ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, àjọ APDP sì ń ṣọ́ bí a ṣe ń lò ó. Kí ni oníjọ́nà fẹ́ fi ọjọ́ ìbí ọmọ yín ṣe?

Ilé ẹ̀kọ́ kan kò lè máa bá oníjọ́nà kọ̀ọ̀kan pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ ẹgbẹ́ tó ń kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn pọ̀. WACREN, àjọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìwádìí àti ẹ̀kọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Accra, ló ń bójú tó eduID.africa, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò tíì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ti lè rí àyè. Lókè pátápátá ni eduGAIN wà, tó ti ń so àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé láti 2011.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Université Nationale d'Agriculture gbé sáfà kan ṣoṣo dìde fún gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, Sakété nínú wọn, kí INRAB, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè wa, sì ṣe tirẹ̀ fún Pobè àti àwọn ilé ìwádìí tó kù. Ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ni kí wọ́n fi ìwé orúkọ sí lọ́wọ́, kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí ọ́fíìsì yẹn ló kọ́kọ́ ń gbọ́ pé ẹnìkan ti gboyè, ó ti lọ, tàbí ó ti kú. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ náà ni kí wọ́n pa ẹ̀rí onítọ̀hún dé.