Ìdílé Hinderer ní Ìbàdàn



Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa yìí, ó tọ́ kí a rántí àwọn tí ó fi ilé baba wọn sílẹ̀ nítorí tiwa.

Ní 1853 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti Anna aya rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó rán wọn. Wọn kò bímọ. Ṣùgbọ́n ọmọ onílé kún ilé wọn ní Kúdẹtì, "Ìyá" sì ni wọ́n ń pe Anna.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà èbúté dí. Owó kò wọlé mọ́, ebi sì dé. Tọkọtaya náà ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ náà lè jẹun.

Ní 1869 ni àìlera mú wọn padà sílé. Anna sì sùn nínú Olúwa ní 1870. Iṣẹ́ náà ha kú bí? Rárá o! Daniel Olúbí, ẹni tí ó ti gbé ilé wọn, ni ó di ìjọ náà mú.

Ará, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àlejò pọ̀ ní àdúgbò wa lónìí, ọmọ wọn sì pọ̀. Ta ni yóò ṣe ìyá fún wọn?

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn bẹ́ẹ̀. Àmín.