Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọmọ Awo



   Ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọ̀pẹ̀lẹ̀ mú, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ òní bá wí jù. Bí mo bá ṣìsọ, kí àgbà ó tọ́ mi sọ́nà.

Òwe méjì kan wà tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ìkíní ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìkejì ní a kì í torí òjò tí ó ṣú da omi agbada nù. Ọ̀kan ní kí á máa wá òmíràn; èkejì ní kí á di èyí tí ó wà lọ́wọ́ mú. Èwo ni a ó tẹ̀ lé? Ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tí ó ń ṣe ìpinnu kan tẹ̀ lé òmíràn, tí ohun tí ó bá ṣe lónìí yóò sì di ìmọ̀ rẹ̀ lọ́la.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò náà ti bá a wọ̀jà. Ní 1933, William R. Thompson ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé oògùn méjì wà fún àrùn kan, a kò sì tíì mọ èyí tí ó sàn jù. Bí a bá fún gbogbo aláìsàn ní èyí tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé èkejì ni ì bá gbà wọ́n là. Bí a bá sì ń pín méjèèjì dọ́gba títí lọ, àwọn kan yóò máa gba èyí tí a ti rí i pé kò múná. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rí bá ti ń gbè lẹ́yìn ọ̀kan ni kí ìpín rẹ̀ máa pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kí á má tètè pa èkejì tì. Kò sí oníṣègùn wa tí ó ní ewé méjì fún àìsàn kan tí ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣàjèjì sí.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ilé ara wa. Nígbà tí odù bá yọjú, babaláwo kì í da gbogbo ìbéèrè bo Ifá lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ fi ìbò bèèrè bóyá ire ni tàbí ibi. Bí ó bá jẹ́ ire, yóò bèèrè irú ire tí í ṣe: àìkú, ajé, aya, ọmọ, tàbí ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè ẹbọ. Ìdáhùn kan ni ó ń bí ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e. Láàárín ìbò méjì, èyí tí odù rẹ̀ bá jẹ́ àgbà ni a ń mú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí Èjì Ogbè bá yọ fún ti àkọ́kọ́, a kì í tún da èkejì mọ́, nítorí kò sí àgbà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, wíwá ní ibi tí ó ń parí sí. Ẹni tí Ifá ti dá lóhùn, tí ó tún ń ti ilé awo kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi gbọ́ ohun tí ó wù ú, kì í ṣe ìmọ̀ ni ó ń wá. Ẹbọ ni ó ń sá fún.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ohun tí a dì mú kò sí mọ́. Nígbà tí òwò ẹrú kó àwọn ènìyàn wa kọjá òkun, wọn kò bá igi ìrókò ní Cuba àti Brazil. Wọn kò torí èyí sọ pé ìsìn ti parí. Ní Cuba, igi ceiba, èyí tí àwa ń pè ní àràbà, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní Brazil, gameleira ni, igi kan tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀dán. Igi yí padà, orúkọ Ìrókò kò yí padà. Ibi tí ó ṣófo ni wọ́n ti wá tuntun. Ibi tí nǹkan ti wà, wọ́n dì í mú.

Kí wá ni òṣùwọ̀n? Àkókò tí ó kù ni. Ẹni tí ọdún púpọ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀ ni wíwá ń ṣe láǹfààní jù, nítorí yóò pẹ́ tí yóò fi máa jẹ èrè ohun tí ó bá rí. Àgbà tí oòrùn rẹ̀ ti ń wọ̀ ni kí ó lo èyí tí ó mọ̀, kí ó sì fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n òdìkejì ni a ń ṣe. Odù jẹ́ 256, ẹsẹ inú wọn kò lóǹkà. Síbẹ̀ ọ̀dọ́ tí ó bá ti mọ ẹsẹ mélòó kan tí ó ń dùn mọ́ èrò nínú ni ibi ìsọmọlórúkọ, ibẹ̀ ni yóò dúró sí.

Èmi pẹ̀lú jẹ̀bi. Àgbà awo kan wà ní àdúgbò wa. Iwájú ilé rẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá lọ sí òde ìnáwó, níbi tí wọ́n ti ń pè mí láti wá ki ẹsẹ tí mo mọ̀ dunjú. Mo ń sọ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, n ó lọ jókòó tì í. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, baba ti papòdà. Ọjà tí ó bá tú báyìí kì í tún ná mọ́. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún iyebíye fún gbogbo ayé. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìkéde kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹsẹ kan.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ fi ń jókòó ti àgbà pọ̀ ju ọjọ́ tí ẹ fi ń lọ òde. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kọ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán ohun tuntun wò, ẹ ṣe bí àgbẹ̀, tí kì í fi gbogbo oko gbin irúgbìn tí kò mọ̀ rí. Ibi tí àṣìṣe ti ṣeé tún ṣe ni kí ẹ ti dán an wò. Bí ó bá kan ẹ̀mí ènìyàn, èyí tí àwọn àgbà ti jẹ́rìí sí ni kí ẹ dì mú.

Ẹ wá a kí ilẹ̀ ó tó ṣú. Kí Ifá ó gbè wá o. Àṣẹ.