Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Nípa Jẹjẹrẹ Ọyàn, àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

(Ọ̀rọ̀ ìṣítí fún àpapọ̀ àwọn alásàlátù Ìkìrun, Inísà àti Òkukù)

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá wa, tí ó sì mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ara ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé, ó sì ti di ọ̀rọ̀ mọ́sáláásí. Nígbà tí obìnrin tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn bá gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọsibítù, ìbéèrè tí àwọn ẹbí máa ń gbé tọ àlùfáà wá ni pé: "Ṣé yóò yè é, àbí kò ní í yè é?" Àwọn kan rò pé ìwé náà ti dájọ́, wọn a sì káwọ́ kúrò lórí owó ìtọ́jú. Àwọn mìíràn rò pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dára, kò sí ìdí láti jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kan kókó tí ó wà lọ́yàn. Ìpalára ni èrò méjèèjì.

Àìsàn náà kì í ṣe kékeré. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé obìnrin tí ó tó mílíọ̀nù 2.3 ni a rí jẹjẹrẹ ọyàn lára wọn ní gbogbo ayé, àwọn tí ó sì bá a lọ tó 670,000. Ní Nàìjíríà nìkan, iye àwọn tí a ṣírò pé ó bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní ọdún náà lé ní 30,000.

Kí ni ẹ̀jẹ̀ wá ń sọ? Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a ń rí ṣe àlàyé. Bí ẹ̀gún bá gún àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ a pọ́n, a gbóná, a wú, a sì máa ro ó. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun náà ń gbé, sẹ́ẹ̀lì funfun ni àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Èyí tí a ń pè ní neutrophil ni ó máa ń kọ́kọ́ sáré dé ojú ìjà. Èyí tí a ń pè ní lymphocyte ni ó mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé, ó sì wà lára àwọn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ.

Àwa ará agbègbè yìí kò ṣàjèjì sí ìtàn ogun. Ní Ìkìrun ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní 1878. Ọmọ ogun tí ó bá ṣẹ́gun tí ó sì padà sílé, ìlú a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàgọ́ tí kò lọ mọ́, oko àwọn tí ó wá gbà là ni yóò máa jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wíwú àti gbígbóná tí kò tán nínú ara. Láti 1863 ni oníṣègùn ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, ti kíyè sí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun máa ń pọ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé jẹjẹrẹ a máa ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn egungun pé kí ó tú neutrophil jáde sí i. Díẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí a sì di agbódegbà: wọn a ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́ láti ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, wọn a sì là á lọ́nà lọ sí ibòmíràn nínú ara.

Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń ka méjèèjì, tí wọ́n sì ń fi iye lymphocyte pín iye neutrophil. Bí neutrophil bá jẹ́ 4, tí lymphocyte jẹ́ 2, ìdáhùn ni 2. Bí ó bá jẹ́ 6 sí 1, ìdáhùn di 6. Wọ́n tún máa ń fi lymphocyte pín platelet, èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Òmíràn ni CRP, èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe nígbà tí ìjà bá wà nínú ara. Ní 1930 ni wọ́n rí i ní New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu. Àǹfààní ìṣirò àkọ́kọ́ ni pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán, tí kò wọ́n púpọ̀, ni a ó fi ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn pé àwọn obìnrin tí iye náà ga lára wọn nígbà tí a kọ́kọ́ rí àìsàn náà, jẹjẹrẹ a máa tètè padà sára wọn ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ̀mí wọn kì í sì í gùn tó tiwọn. Ìbátan yìí a máa hàn gan-an nínú irú jẹjẹrẹ tí oògùn tí ń dènà èròjà ara obìnrin kò ràn. Irú èyí sì pọ̀ láàrin àwọn obìnrin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju ti Yúróòpù lọ. Ọmọ Nàìjíríà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, ẹni tí ó wà ní Chicago, tí òun àti àwọn oníṣègùn Ìbàdàn sì ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ. Èkíní, àmì yìí kì í ṣe ti jẹjẹrẹ nìkan. Ibà, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, eéwo, oyún, egbò ọyàn tí ó ti kẹ̀, àti oògùn bíi dexamethasone, gbogbo wọn ni ó lè yí iye náà padà. Nítorí èyí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun yóò fi àyẹ̀wò yìí nìkan sọ fún obìnrin bóyá ó ní jẹjẹrẹ tàbí kò ní, ẹ má ṣe gbà á gbọ́.

Èkejì, òṣùwọ̀n náà kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Ààbò ni ó jẹ́ fún wa lọ́wọ́ irú ibà kan, ṣùgbọ́n ó tún mú kí neutrophil wa kéré sí ti àwọn òyìnbó, láìsí àìsàn rárá. Bí a bá wá gbé òṣùwọ̀n òyìnbó wọn ẹ̀jẹ̀ ará Òkukù, ó lè ṣì wá lọ́nà.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan. Ojú ọjọ́ lè ṣú, kí òjò má rọ̀. Ìmọ̀ ọjọ́ ikú wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun nìkan, kò sí nínú ìwé lábù. Ohun tí dókítà ń tẹ̀ lé jùlọ ni ibi tí àìsàn náà gbòòrò dé, bóyá ó ti dé kókó abẹ́ abíyá, àti irú èyí tí ó jẹ́. Bíbu ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò ni a fi ń mọ irú rẹ̀.

Nítorí náà, bí iye inú ìwé bá ga, ìdí ni ó jẹ́ láti yára sí ìtọ́jú. Ọkọ tí ó bá tìtorí rẹ̀ pa aya rẹ̀ tì ti fi àmì ṣe ìdájọ́, ìdájọ́ kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ pé kí ìwádìí parí láàrin 60 ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ fara hàn ní ọsibítù. Ẹ̀yin ọkọ, 60 ọjọ́ mélòó ni ó ń kọjá kí ẹ tó yọ̀ǹda kí aya yín lọ? Ẹ̀yin ìyá, mélòó ni ẹ ń fi aṣọ bò mọ́lẹ̀?

Bí ó bá jẹ́ ìtìjú ni, ẹ béèrè dókítà obìnrin. Níbi tí kò bá sí, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti là á yé wa pé ìwúlò tí kò ṣeé yẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ kí dókítà ọkùnrin wò ó. Bí ó bá jẹ́ kádàrá ni ẹ fi ṣe àwáwí, Ànábì wa gba ìtọ́jú, ó sì pàṣẹ rẹ̀. Ẹni tí ó gbàdúà tí ó tún lọ sí ọsibítù kò tako kádàrá.

Ohun tí mo bẹ̀ yín sí ni wọ̀nyí. Kókó tí ó bá yọ lọ́yàn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní kíákíá; Òṣogbo kò jìnnà sí wa, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn sì wà. Kí ọkọ bá aya rẹ̀ lọ. Ẹ kó gbogbo ìwé ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, kí dókítà lè fi ti àná wé ti òní. Bí ibà bá ń ṣe yín tàbí ẹ ń lo oògùn nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ fún un. Kí ẹgbẹ́ alásàlátù kọ̀ọ̀kan sì máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìpàdé fún ọkọ̀ àti àyẹ̀wò ẹni tí kò ní.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní sùúrù, kí Ó sì kẹ́ àwọn tí ó ti lọ. Àmín.