Ṣé Fọ́tò Òde-Òní Ṣì Jẹ́ Fọ́tò?



Iyàn kan tí wọ́n jà ní kíláàsì alẹ́ wa ni ó fa ọ̀rọ̀ tòní. Bàbá kan wà láàárín wa tí ó ti ń ya fọ́tò láti ìgbà fíìmù. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní yàrá òkùnkùn tí ó ti ń fọ fíìmù. Ìwé nìkan ni kò kà, òun náà ni ó sì wá ń kà nísinsìnyí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá yìí dìde, ó ní fọ́tò ti kú. Ó ní láyé ìgbà tiwọn, ẹni tí yóò ya fọ́tò gbọ́dọ̀ mọ ìmọ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí a tẹ kámẹ́rà. Fọ́tò méjìlá péré ni ó wà nínú fíìmù kan. Bí o bá bà á jẹ́, owó rẹ ló wọgbó. Lónìí, ọmọdé á tẹ fóònù ní igba ìgbà, á mú ọ̀kan, fóònù á sì bá a tún un ṣe. Bàbá ní, "Ẹ̀rọ ló ń ya fọ́tò báyìí, ènìyàn kọ́."

Aránṣọ kan tí ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n ti ya fọ́tò ìgbéyàwó ìyá mi. Ìyá mi ní àpá níwájú orí. N kò rí àpá náà nínú fọ́tò. Níbo ló wọlé sí?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́ẹ̀dì ni. Nígbà náà, ayafọ́tò a máa gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì kó mú ṣóńṣó, a sì máa fi kun ojú fíìmù níbi tí àpá tàbí ìhunjọ bá wà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ibẹ̀ á jọ̀lọ̀. Ẹ rí i pé títún fọ́tò ṣe kì í ṣe ọmọ àná. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí pàápàá, nígbà tí a fẹ́ fi iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀, ayafọ́tò pa ewú wa rẹ́. A kò bínú sí i. Àní a fún un ní owó lé e.

Ẹ jẹ́ ká sọ òmíràn tó lè yà yín lẹ́nu. Fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lè má sọ òótọ́ tán. Ní ọdún 1838, Ọ̀gbẹ́ni Daguerre, ará Faransé, ya títì ńlá kan ní ìlú Párísì. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ayé ìgbà náà lọ́ra. Ó ń fẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó rí nǹkan gbà, ohunkóhun tó bá ń rìn kò sì ní hàn. Ọkùnrin kan tí ó dúró kí wọ́n bá òun dán bàtà ni ó hàn ketekete. Bí ẹ bá rí fọ́tò náà, ẹ ó rò pé gbogbo Párísì ti sá lọ sóko.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà wá sílé. Gbogbo wa mọ̀ pé láyé àwọn bàbá wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ ère fún un. Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí fi fọ́tò ṣe é. Ará Amẹ́ríkà kan, Ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, rí i ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978. Ayafọ́tò a ya ọmọ tó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, bí ẹni pé ọmọ méjì jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin, tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọn a ya ọmọ tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọn a tún wọ irú aṣọ ti èkejì fún un, wọn a tún yà á.

Ṣé irọ́ ni fọ́tò yẹn? Àwa kò lè pè é ní irọ́. Ìyá ọmọ mọ̀. Ayafọ́tò mọ̀. Aládùúgbò tó wọlé wá kí ìyá náà mọ̀ pé Táyé ti lọ. Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ tàn jẹ. Ohun kan tí kámẹ́rà kò lè dá rí ni wọ́n ní kó sọ, pé ọmọ méjì ni ìyá yìí bí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ni ó tọ́ wa dàgbà. Ojú rẹ̀ kún fún àbàjà, mẹ́rin lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́rin lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Nígbà tí ó papò dà ní ọdún 2019, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan mú fọ́tò láti inú fóònù, ó gbé e fún àwọn tí ń tẹ pósítà. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ìwé hàn wá. A yẹ̀ ẹ́ wò bí olùkọ́ ti í yẹ iṣẹ́ ọmọ wò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri àdúgbò. Ó ń dán gbinrin. Inú wa dùn.

Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la ìsìnkú, àbúrò Màmá dé láti oko. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò mọ ìwé kankan. Ó dúró níwájú pósítà náà pẹ́ títí. Ó wá bi wá pé, "Ta ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yìí?"

A ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ni, Ìyá."

Ó mi orí. Ó ní, "Rárá o. Ẹ̀gbọ́n mi kọlà."

A sún mọ́ ògiri. Òótọ́ ni. Ilà kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá jọ̀lọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́. Àwa tí a ti ka orúkọ rẹ̀, tí a ti ka ọdún ìbí rẹ̀, tí a tilẹ̀ bá wọn fi àmì ohùn sórí orúkọ náà, a kò wo ojú rẹ̀!

A fi ìbínú lọ bá ọmọ tó tẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Sà, n kò mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan ilà Màmá o. Mo kàn ní kí kọ̀ǹpútà mú ojú wọn dán ni." Ọmọ náà kò purọ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò mọ àbàjà yàtọ̀ sí ìhunjọ, kò mọ pélé yàtọ̀ sí àpá. Ohun tó bá ti là tàbí tó ṣókùnkùn lára awọ, yóò pa á rẹ́ ni. Fóònù mìíràn tilẹ̀ ń ṣe é kí fọ́tò tó jáde rárá. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á ya púpọ̀ léra wọn, á pò wọ́n di ẹyọ kan, á tan ìmọ́lẹ̀ síbi tó ṣú. Bí ohun tó ń tún ojú ṣe bá wà ní títàn, á mú awọ dán. Ẹni tó ni fóònù lè má mọ̀ pé ó wà ní títàn.

Ojúlówó fọ́tò náà ṣì wà nínú fóònù ọmọ-ọmọ, a sì tún pósítà tẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pín ìwé ètò ìsìnkú. Títí di òní, ní ilé àwọn mọ̀lẹ́bí kan, Màmá tí kò kọlà ni wọ́n gbé kọ́ ògiri. Òun ni àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa pè ní ìyá ńlá.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá ayafọ́tò sọ pé ẹ̀rọ ti pa fọ́tò, a kò kàn fi ṣẹ̀rín. Síbẹ̀ a kò gbà fún un tán. Kámẹ́rà tí kò lo fíìmù kì í ṣe ẹbọra. Ní ọdún 1975, Ọ̀gbẹ́ni Steven Sasson ṣe ọ̀kan ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo ju kílò 3 lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó sì fi ń tọ́jú fọ́tò kan. Ẹ̀rọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ló ń yan ohun tí yóò wò. Ẹ rántí J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ wa, ẹni tó kú ní ọdún 2014. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin wa, ẹ̀yìn orí ni ó sì sábà máa ń yà. Kámẹ́rà kọ́ ló sọ fún un pé kó lọ dúró sẹ́yìn.

Níbì kan ṣá, àwa àti bàbá fohùn ṣọ̀kan. Ní ọdún 2023, ará Jámánì kan, Boris Eldagsen, fi àwòrán obìnrin méjì sílẹ̀ fún ìdíje fọ́tò ńlá kan, ó sì borí. Ó kọ ẹ̀bùn náà. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é, kì í ṣe fọ́tò. Kò sí obìnrin kankan tó jókòó níwájú kámẹ́rà kankan. Bàbá ní kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹnu ọkùnrin náà ni a ti mọ̀. Àwọn onídìíje kò fi ojú mọ̀ ọ́n. Bí irú rẹ̀ bá wọ inú WhatsApp yín, tí kò sí ẹni tó sọ, ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ pé ta ló yà á, níbo, lọ́jọ́ wo, kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú fọ́tò kan wá láti ilé, èyí tó jẹ́ ti bébà. A ó kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò, àti ìlú, àti ọdún. Bí wọ́n bá tún un ṣe, tí ẹ sì mọ̀, a ó kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Ẹ má fi báírò kọ ọ́, nítorí ó máa ń tẹ̀ dé ojú fọ́tò. Bàbá ayafọ́tò ti ní òun yóò mú lẹ́ẹ̀dì wá fún gbogbo kíláàsì.