Bí Pàṣán Bá Kúrò Lọ́wọ́ Tíṣà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn òbí, tíṣà àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Kumasi, Ghana

 

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí Yorùbá Kumasi mọ ohun tí àṣẹ ìjọba máa ń ṣe. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti wá a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi Ghana sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti ń tajà níhìn-ín kí Ghana tó gba òmìnira kó ẹrù sórí mọ́tò. Àṣẹ náà kò gùn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí kíláàsì padà jókòó, ta ló dúró níwájú, tó ń pe orúkọ ọmọ tí kò jẹ́? Tíṣà ni. Ta sì ni tíṣà ń wojú rẹ̀ pé yóò sọ ohun tó kàn? Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni. Bí àṣẹ ṣe ń rí nìyẹn: Accra ló ti ń wá, orí tábìlì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ń sùn sí.

Àṣẹ tí mo bá wá lónìí dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ghana Education Service, tí gbogbo yín mọ̀ sí GES, fi ìwé ránṣẹ́ pé nínà ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ti dópin, wọ́n sì ní kí tíṣà máa lo ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí wọ́n pè ní Positive Discipline Toolkit. Kí ẹ tó patẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló ni pàṣán tẹ́lẹ̀? Nínú òfin ìwà ọmọlúàbí ti ilé ẹ̀kọ́ girama àtijọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nìkan, tàbí ẹni tí ó bá yàn, ló lè na ọmọ, kò sì gbọdọ̀ ju ẹgba mẹ́fà lọ. Lórí ìwé nìyẹn o. Nínú kíláàsì, tíṣà ìṣirò ní tirẹ̀, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, mọ́nítọ̀ pàápàá ní ẹ̀ka igi kan lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọ̀gá gbójú kúrò ni pàṣán ráyè tàn kálẹ̀, àfi bí ọ̀gá bá sì gbójú padà ni yóò fi lọ. Ohun tí mo wá sọ kò jù báyìí lọ. Àlàyé ni ìyókù.

Ghana kò pẹ́ kó tó fẹnu gbà pé ọmọ ní ẹ̀tọ́. Lágbàáyé, òun ni orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fọwọ́ òfin sí Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní oṣù kejì ọdún 1990. Òfin Ọmọdé ti 1998 tún sọ pé ìbáwí tó bá ju ọjọ́ orí àti agbára ọmọ lọ kò tọ̀nà. Síbẹ̀, láti 1990 dé 2019, ọdún 29 gbáko ni ọ̀rọ̀ náà fi rìn kó tó dé ìdí pàṣán. Ẹnu yára ju ọwọ́ lọ.

Nígbà tó wá dé, ọ̀pọ̀ tíṣà fajú ro, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́, ọmọ kún ilé ẹ̀kọ́ débi pé ní 2018 ìjọba ní láti pín wọn sọ́nà méjì, kí apá kan máa wọlé bí apá kejì bá wà nílé. Tíṣà tí ọmọ 60 jókòó síwájú rẹ̀ béèrè pé, "Ẹ gba pàṣán, kí lẹ fi rọ́pò rẹ̀?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìwé GES dáhùn díẹ̀: kí tíṣà àti ọmọ jọ ṣe òfin kíláàsì, kí a yí ìjókòó ọmọ padà, kí a gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kọ gbólóhùn kan náà lákọtúnkọ. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ti ìkẹyìn yẹn ni mi ò fara mọ́: ọmọ tó kọ "N kò ní pariwo mọ́" nígbà 100 kò kọ́ ìdákẹ́jẹ́, ó kọ́ láti kórìíra gègé ni.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn tó kún sí ìbéèrè tíṣà yẹn ni ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní PBIS, ètò ìtìlẹ́yìn fún ìwà rere. George Sugai àti Robert Horner ti Yunifásítì Oregon wà lára àwọn tó tò ó jọ láàárín ọdún 1990 sí 2000. Kò le láti ṣàlàyé. Ilé ẹ̀kọ́ yóò mú ìlànà mẹ́ta sí márùn-ún péré, tí a sọ ní ohun tí ọmọ yóò ṣe, kì í ṣe ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. A ó wá kọ́ ọmọ ní ìlànà náà bí a ṣe ń kọ́ ọ ní ìṣirò, níbi tó ti kan ọ̀rọ̀ gan-an: nídìí ẹ̀rọ omi, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lórí ìlà nígbà tí a bá fẹ́ ra oúnjẹ. Wọ́n ní nǹkan bí 80 nínú 100 ọmọ ni ìyẹn tó fún. Nǹkan bí 15 ń fẹ́ àfikún àbójútó. Márùn-ún tó kù ni a ó jókòó tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí a ti ń ṣe tiwa: nítorí ọmọ márùn-ún, a ń na 100.

Àwọn tó tò PBIS jọ náà ló sọ pé kí ọ̀gá má bẹ̀rẹ̀ títí ẹni 80 nínú 100 òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò fi gbà. Èyí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń fò. Wọ́n á ka ìwé GES sókè ní ìpàdé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó parí. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ṣe ń bá a pè é: bí ọ̀gá bá ń kígbe mọ́ tíṣà lójú ọmọ, òfin wo ni tíṣà yóò fi sùúrù kọ́ ọmọ náà?

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti ara mi. Mo jẹ ẹgba púpọ̀ ní kékeré nítorí àìtètèdé. Odidi ọdún méjì, kò sẹ́ni tó bi mí ibi tí mo ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá tuntun dé, obìnrin ni. Ó gbé àga sẹ́nu géètì láàárọ̀, ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́: orúkọ, aago, ìdí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ránṣẹ́ pe ìyá mi. Ìyá mi rò pé wọ́n fẹ́ lé mi ni, aṣọ ọdún rẹ̀ ló wọ̀ lọ. Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ọmọ yín ń pẹ́. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì?" Ìyá mi ní, "Ọjọ́ tí omi ń yọ ládùúgbò wa nìyẹn, ọ̀gá." Ọ̀gá ní kí n máa gbé garawa wá, kí n máa pọn omi kànga ilé ẹ̀kọ́ lọ sílé lẹ́yìn tí a bá jáde. Mi ò pẹ́ mọ́. Ìwé kékeré yẹn ṣe ohun tí ẹgba ọdún méjì kò lè ṣe.

Nígbà tí mo ka iṣẹ́ àwọn ará Oregon lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ní kí ọ̀gá máa ṣe ni pé kó máa kọ ibi tí ìwà burúkú ti ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, aago tó ń ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ń ṣe é, kó tó dájọ́. Ọ̀gá mi kò gbọ́ orúkọ Oregon rí.

Ọ̀rọ̀ yíyin ọmọ náà wà nínú ètò PBIS yẹn. Àwọn kan ní ṣíṣe kú-iṣẹ́ fún ọmọ yóò bà á jẹ́. Ìyá wo nínú wa ni kì í ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀? Oríkì kì í sì í ṣe "o ṣeun" lásán, ó ń dárúkọ ohun tí a mọ̀ mọ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí tíṣà máa yin ọmọ: "O dúró de ẹni tó wà níwájú rẹ nídìí omi, mo rí ọ."

Wọ́n á bi mí nípa oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan fọ́ nǹkan níbi WASSCE, ìdánwò àṣejáde girama, torí pé àwọn alábòójútó kò gbà kí wọ́n jíwèé wò. GES lé ọmọ 14, Akufo-Addo, Ààrẹ ìgbà náà, sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n lè parí ìdánwò wọn. Àwọn kan ní pàṣán tí a gbà ló fà á. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ tó ń jáde girama ní 2020, láti kíláàsì kìn-ín-ní ló ti ń jẹ pàṣán kí 2019 tó dé. Bí pàṣán bá ń kọ́ni níwà, àwọn ọmọ yẹn ni ìbá kọ́.

A kò lè gbé ẹ̀bi lé ọ̀gá lórí láìkọ́ òun náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá, pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló gbé wọn dépò, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní bí a ti ń ṣe é. Ghana ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ní 2009, Yunifásítì Cape Coast àti ti Cambridge kó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ 124 jọ, wọ́n kọ́ wọn pé kí ọkàn ọ̀gá má kúrò lórí ohun tí ọmọ ń kọ́, kí ó sì pín iṣẹ́ olórí fún tíṣà. Kí GES fi ọ̀rọ̀ ìwà ọmọ kún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì fún ọ̀gá ní àkókò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi kù sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ bá tíṣà láàárọ̀ pé, "Ẹ bá mi nà án." Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Bí ẹ bá dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé, ẹ kọjá kíláàsì lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, kí ẹ ní kó fi ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ ọmọ yín sí hàn yín. Bí kò bá ní, ẹ ra kan fún un.